Ẹni tí ò lè fọwọ́ kan ọjà yín: bá a ṣe ń tajà lórí WhatsApp, Facebook, Instagram àti TikTok

Àdìrẹ lèmi ń tà. Màmá mi ló ń pa á láró l'Abẹ́òkúta, èmi ni mò ń tà á lórí fóònù, torí náà àpẹẹrẹ àdìrẹ ni màá máa mú wá, ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń rán aṣọ, tẹ́ ẹ̀ ń ṣe bàtà, tẹ́ ẹ̀ ń se oúnjẹ tà, ẹ fi tiyín rọ́pò rẹ̀.

Ní ọjà Ìtòkú, tí kọ́sítọ́mà bá dúró níwájú ìsọ̀, ó máa na ọwọ́, ó máa fọwọ́ pa aṣọ yẹn, ó máa gbé e sókè kí ìmọ́lẹ̀ lè gba inú ẹ̀ kọjá, ó tiẹ̀ lè gbóòórùn ẹ̀, lẹ́yìn náà ló máa wá wo ojú màmá mi bó ṣe ń dárúkọ owó. Ojú lọ̀rọ̀ wà àbí. Lórí fóònù, ò sí ọwọ́, ò sí imú, ojú gan-an ò sí. Ẹni tó wà ní Ìkòròdú tàbí ní London tó ń wo aṣọ wa, gíláàsì fóònù lásán ló ń fọwọ́ kàn. Iṣẹ́ tèmi níbẹ̀ ni kí n jẹ́ ọwọ́ àti ojú fún un, gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ nísàlẹ̀ yìí, ibẹ̀ yẹn ló ti wá.

WhatsApp ni kẹ́ ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Mo mọ̀ pé Instagram ló ń wu àwa ọ̀dọ́, ó wu èmi náà, oṣù mẹ́rin gbáko ni mo fi ń gbé fọ́tò aṣọ síbẹ̀ kí n tó ta ẹyọ kan. Àmọ́ àwọn tí nọ́ḿbà yín ti wà lórí fóònù wọn, àwọn tẹ́ ẹ jọ ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí, àwọn ọ̀rẹ́ iléèwé, àwọn àǹtí àdúgbò, wọ́n ti mọ̀ yín, ọkàn wọn ti balẹ̀ sí yín, àwọn ló máa kọ́kọ́ ra, àwọn náà ló sì máa sọ fún ẹlòmíì. Ẹ gbé áàpù WhatsApp Business sórí fóònù yín, ọ̀fẹ́ ni, láti 2018 ló ti wà. Nọ́ḿbà kan ò lè wà lórí WhatsApp lásán kó tún wà lórí ti Business, torí náà tẹ́ ẹ ò bá fẹ́ kí ọ̀rọ̀ ẹbí dà pọ̀ mọ́ ọ̀rọ̀ òwò, ẹ ra símù kejì, fóònù kan náà á gba méjèèjì.

Tẹ́ ẹ bá ti wọlé, ẹ kọ orúkọ òwò yín, àdírẹ́sì, aago tẹ́ ẹ̀ ń ṣí àti aago tẹ́ ẹ̀ ń tì. Ibì kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní catalog, bí ìgbà téèyàn pàtẹ ọjà ni, ẹ kó ọjà síbẹ̀ pẹ̀lú fọ́tò àti iye owó, kó má di pé gbogbo ìgbà lẹ̀ ń fi fọ́tò ogún ránṣẹ́ tí ẹ̀ ń jẹ dátà ara yín tẹ́ ẹ tún ń jẹ tẹni ẹlẹ́ni. Quick reply náà wà, ìdáhùn téèyàn ti kọ sílẹ̀ ni, tí mo bá ti tẹ / tí mo fi ọ̀rọ̀ kékeré kan sí i, gbogbo àlàyé nípa bí wọ́n ṣe máa fọ aṣọ á jáde lẹ́ẹ̀kan náà. Label sì wà láti fi sàmì sí ẹni tó ti sanwó, ẹni tá a ti fi ọjà ránṣẹ́ sí, ẹni tó ṣì ń rò ó. Àwọn nǹkan wọ̀nyí kéré lójú, àmọ́ ọjọ́ tí èèyàn mẹ́wàá bá jọ ń sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà lẹ máa mọ ìwúlò wọn.

Nǹkan kan wà tí ọ̀pọ̀ ò mọ̀ nípa status: tí kọ́sítọ́mà ò bá ti fi nọ́ḿbà yín pamọ́ sórí fóònù ẹ̀, kò ní rí status yín láéláé, kódà kẹ́ ẹ gbé góòlù síbẹ̀. Broadcast, ìyẹn ọ̀rọ̀ kan téèyàn fi ránṣẹ́ sí ọ̀pọ̀ èèyàn lẹ́ẹ̀kan náà, bẹ́ẹ̀ náà ni, èèyàn 256 ni lísìtì kan ń gbà, àwọn tó ti fi nọ́ḿbà yín pamọ́ nìkan ló sì máa dé ọ̀dọ̀ wọn. Torí náà ẹ máa bẹ̀ wọ́n kí wọ́n fi pamọ́, kẹ́ ẹ sì fún wọn ní ìdí. Èmi, bí mo ṣe máa ń sọ ọ́ rèé: "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ fi nọ́ḿbà mi pamọ́ bíi Aládìrẹ Abẹ́òkúta, àárọ̀ Sátidé ni mo máa ń gbé aṣọ tuntun sórí status, ẹyọ kan kan ló máa ń jẹ́." Mo sì rí i dájú pé àárọ̀ Sátidé ni lóòótọ́. Ẹ má máa gbé ọgbọ̀n fọ́tò sí status lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n máa sáré fò ó ni, mẹ́rin tàbí márùn-ún ti tó. Ẹ má sì kó àwọn èèyàn sínú gúrúùpù láìgbàṣẹ, ẹ ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni ṣe bẹ́ẹ̀ sí ẹ̀yin náà.

Ó yá, ọ̀rọ̀ fọ́tò. Níbí ni mo fẹ́ ká dúró sí dáadáa, torí ibẹ̀ lọ̀pọ̀ èèyàn ti ń pàdánù owó láìmọ̀. Ẹ ò nílò kámẹ́rà olówó ńlá, fóònù tó wà lọ́wọ́ yín yẹn tó. Ẹ kọ́kọ́ fi aṣọ tó mọ́ nu ojú kámẹ́rà ẹ̀yìn fóònù, òróró ọwọ́ máa ń lẹ̀ mọ́ ọn, òun ló ń jẹ́ kí fọ́tò dà bíi pé èéfín bò ó. Ẹ jáde síta láàárọ̀, bí aago mẹ́jọ sí mẹ́wàá, ẹ dúró sí ibòji, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri tàbí lábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀. Kì í ṣe inú oòrùn gangan o, oòrùn ọ̀sán máa ń jẹ funfun ara àdìrẹ débi pé ọnà ẹ̀ ò ní hàn mọ́. Gílóòbù inú yàrá náà ò dáa, ó ń sọ búlúù di nǹkan mìíì.

Ẹ má fi filter kankan sí i, ìyẹn àwọ̀ tí fóònù máa ń fi kún fọ́tò. Mo ti ṣe é rí, mo fi filter sí fọ́tò aṣọ kan kó lè tàn, obìnrin kan ní Ìbàdàn rà á, ó sì ti lọ ra gèlè tó bá búlúù inú fọ́tò yẹn mu. Nígbà tí aṣọ dé ọwọ́ ẹ̀, búlúù méjèèjì ò bára wọn tan rárá, ó sì ku ọjọ́ mẹ́ta sí òde tó fẹ́ lọ. Ó fi fọ́tò méjèèjì ránṣẹ́ sí mi, ó gbé wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, kò tiẹ̀ bú mi, ó kàn kọ ọ́ pé "Ẹ wò ó." Mo dá owó ẹ̀ padà, mo bẹ̀ ẹ́, àmọ́ kò tíì ra nǹkan lọ́wọ́ mi látọjọ́ náà, mi ò sì lè dá a lẹ́bi.

Fọ́tò mẹ́rin ni mo máa ń yà fún aṣọ kan. Àkọ́kọ́, aṣọ náà látòkè délẹ̀ lórí okùn. Ìkejì, ní ìtòsí gan-an, débi pé ẹ ó máa rí òwú aṣọ yẹn, ibi tí ìko, okùn tá a fi ń di aṣọ kó tó wọ aró, ti fún un, bó ṣe ṣẹ́ wínníwínní. Ìkẹta, mo ká a, mo wá fi ọwọ́ mi lé e kí wọ́n lè mọ bí ọnà náà ṣe tóbi tó, torí lórí fóònù, àmì róbótó tó tó àwo ọbẹ̀ àti èyí tó tó owó ẹyọ, ọ̀kan náà ni wọ́n jọ. Ìkẹrin, kí ẹnì kan ró o mọ́ra. Àbúrò mi ló máa ń ró o.

Fídíò wá tún ju fọ́tò lọ. Ìbéèrè tí wọ́n máa ń bi aládìrẹ jù ni "Ṣé kì í ṣí?", wọ́n sì lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè, ọ̀pọ̀ ti ra aṣọ tó ba gbogbo aṣọ funfun ilé wọn jẹ́. Mo máa ń dáhùn pé kì í ṣí, kì í ṣí, ẹnu lásán ni. Lọ́jọ́ kan, mo gbé báàfù funfun síta, mo bu omi sí i, mo da iyọ̀ sí i, mo ti aṣọ bọ̀ ọ́, àbúrò mi sì ń fi fóònù gba fídíò ẹ̀. Omi àkọ́kọ́ búlúù, mo fi hàn wọ́n, mi ò fi pamọ́, mo sọ pé aró tó kù lójú aṣọ nìyẹn. Omi kejì fẹ́lẹ́ díẹ̀. Omi kẹta, mo fi ife gíláàsì bù ú, mo gbé e síwájú kámẹ́rà, ẹ ó máa rí ìka mi láti òdìkejì. Kò tó ìṣẹ́jú kan. Fídíò yẹn ta aṣọ ju gbogbo fọ́tò tí mo ti yà ṣáájú ẹ̀ lọ, títí dòní, tí ẹnì kan bá bi mí pé ṣé kì í ṣí, mi ò kọ nǹkan kan, òun ni mo máa ń fi ránṣẹ́.

Torí náà ẹ jókòó kẹ́ ẹ rò ó: kí ni kọ́sítọ́mà tiyín ń bẹ̀rù? Tó bá jẹ́ bàtà, wọ́n ń bẹ̀rù pé ìsàlẹ̀ ẹ̀ máa ṣí, ẹ fa ìsàlẹ̀ náà níwájú kámẹ́rà, ẹ tẹ̀ ẹ́ síwá sẹ́yìn. Tó bá jẹ́ oúnjẹ, ilé ìdáná yín ni wọ́n fẹ́ rí, bí ẹ ṣe ń fọwọ́, bí ìkòkò ṣe mọ́ tó. Ẹ ya fídíò ìdáhùn sí ìbẹ̀rù náà kẹ́ ẹ tó ya èyíkéyìí mìíì.

Lẹ́yìn èyí, ẹ fi iṣẹ́ hàn. Aṣọ tó ń jáde nínú ìkòkò aró ìbílẹ̀ kì í jáde ní búlúù, bí ewé tó ń pọ́n ni àwọ̀ ẹ̀ máa ń rí, ìgbà tí atẹ́gùn bá kàn án ló máa wá di búlúù díẹ̀díẹ̀ lójú èèyàn báyìí. Àwa tá a dàgbà sídìí ẹ̀ ò kà á sí, àmọ́ àwọn tí ò rí i rí, ẹnu máa ń yà wọ́n. Àti ìgbà tí màmá mi bá ń tú ìko kúrò lára aṣọ, tí ọnà ń jáde lọ́kọ̀ọ̀kan. Mi ò fi orin sí i, ohùn màmá mi ni mo fi sílẹ̀ bó ṣe ń dárúkọ ọnà kọ̀ọ̀kan. Irú àwọn fídíò báyìí ni TikTok àti Reels, ibi fídíò kéékèèké orí Instagram, fẹ́ràn, ibẹ̀ làwọn tí ò mọ̀ yín rí ti máa ń rí yín.

Facebook, àwọn àgbà àtàwọn tó wà nílùú òyìnbó pọ̀ níbẹ̀, gúrúùpù ọmọ ìlú àti ti iléèwé náà pọ̀, ẹ gba àṣẹ lọ́wọ́ ẹni tó ń darí gúrúùpù kẹ́ ẹ tó polówó. Ẹ ṣí Page, ìyẹn ojú ewé òwò, ẹ má fi àkáǹtì tara yín ṣòwò, ọ̀rẹ́ 5,000 péré ni àkáǹtì èèyàn lè gbà. Tẹ́ ẹ bá ní kọ́sítọ́mà lókè òkun, ẹ wo aago wọn o. London àti Nàìjíríà, aago kan náà ni nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tiwọn, tó bá di ìgbà òtútù wọ́n á fi wákàtí kan wà lẹ́yìn wa. Àmọ́ Houston fi wákàtí mẹ́fà tàbí méje wà lẹ́yìn wa, ohun tẹ́ ẹ bá gbé sórí láago mẹ́jọ àárọ̀, wọ́n ṣì wà lójú oorun. Ẹ má gbìyànjú gbogbo ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà ṣá. WhatsApp àti ìkan mìíì, tẹ́ ẹ bá ń ṣe méjèèjì dáadáa, wọ́n tó fún ọdún kan.

Ẹ kọ iye owó sára ọjà yín. Mo ń bẹ̀ yín ni. "Ẹ wá inú DM fún iye owó" yẹn, ìyẹn kí wọ́n wá béèrè ní kọ̀rọ̀, ń lé kọ́sítọ́mà lọ, ó ń rò ó pé ẹ fẹ́ kọ́kọ́ wo fọ́tò òun kẹ́ ẹ tó mọ iye tẹ́ ẹ máa pè. Òfin ìdíje àti ààbò oníbàárà Nàìjíríà ti ọdún 2018 náà sọ ọ́ pé ẹni bá pàtẹ ọjà gbọ́dọ̀ fi iye ẹ̀ hàn, FCCPC ni àjọ tó ń mójú tó o. Ẹ wo bí mo ṣe ń kọ tèmi:

"Àdìrẹ oníko, yáàdì 5, ₦14,000. Aṣọ òwú ni. Ọwọ́ la fi dì í, ọwọ́ la fi pa á láró l'Abẹ́òkúta. A ti fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, omi kẹta mọ́. Mẹ́ta ló kù. Tẹ́ ẹ bá wà l'Èkó, á tẹ̀ yín lọ́wọ́ láàárín ọjọ́ méjì, owó ọkọ̀ lọ́tọ̀."

Tẹ́ ẹ bá sọ pé mẹ́ta ló kù, kó jẹ́ mẹ́ta ló kù lóòótọ́ o.

Wọ́n á ṣì béèrè pé "Èló ni jálẹ̀?", ọmọ Yorùbá ni wá, ìnájà ti mọ́ wa lára. Kẹ́ ẹ tó gbé ọjà sórí, ẹ ti mọ iye tẹ́ ẹ ò ní tà á sísàlẹ̀ ẹ̀, kó má bàa di pé inú ń bí yín nígbà tẹ́ ẹ̀ ń dáhùn. Ẹ kí wọn kẹ́ ẹ tó sọ̀rọ̀ owó. Tó bá jẹ́ ohùn ni wọ́n fi ránṣẹ́, ẹ fi ohùn dá wọn lóhùn, àwọn màmá ò fẹ́ràn kíkà, tí wọ́n bá sì gbọ́ "Ẹ káàárọ̀ mà, ẹ ṣeun tẹ́ ẹ béèrè" láti ẹnu èèyàn, ara wọn á balẹ̀. Tẹ́ ẹ ò bá ráyè, ẹ sọ fún wọn pé ẹ máa dáhùn láago báyìí, kẹ́ ẹ sì dáhùn láago náà. Kọ́sítọ́mà tí ò gbọ́ nǹkan kan fún wákàtí márùn-ún ti dé ọ̀dọ̀ ẹlòmíì.

Lórí owó, ẹ má gba screenshot, fọ́tò ojú fóònù, gbọ́, ẹ má gba àlẹ́ẹ̀tì tó wá lórí SMS náà gbọ́ tán, àlẹ́ẹ̀tì ayédèrú ti pọ̀. Ẹ wọ áàpù bánkì yín, ẹ wò ó bóyá owó wà nínú ẹ̀, kẹ́ ẹ tó di ọjà. Tẹ́ ẹ bá ti dì í tán, ẹ ya fọ́tò ẹrù náà, ẹ kọ nọ́ḿbà awakọ̀ tó gbé wébíìlì ẹ̀, ẹ fi ránṣẹ́ sí ẹni tó rà á kó tó béèrè. Tí ẹnikẹ́ni bá sì pè yín pé kẹ́ ẹ ka nọ́ḿbà mẹ́fà kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé sórí fóònù yín fún òun, ẹ má kà á, kó jẹ́ ẹni tẹ́ ẹ mọ̀ tàbí ẹni tẹ́ ẹ ò mọ̀, WhatsApp yín ni wọ́n fẹ́ gbà. Ẹ lọ sí Settings lónìí, ẹ tan two-step verification, ìyẹn àgádágodo kejì, ẹ fi PIN sí i.

Ìpolówó tá à ń sanwó fún, ẹ má kánjú sí i. Ẹni kan sọ fún mi rí pé òun máa ta èèyàn 3,000 fún mi tí wọ́n á máa tẹ̀lé wa lórí Instagram, mo sanwó, wọ́n wá lóòótọ́, nọ́ḿbà pọ̀ lójú, kò sẹ́nì kan nínú wọn tó ra aṣọ, kò sẹ́nì kan tó béèrè nǹkan. Ó dùn mí torí owó ìko àti aró ni mo yọ fún un. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ sanwó, Meta, àwọn tó ni Facebook àti Instagram, ni kẹ́ ẹ san án fún tààrà, kẹ́ ẹ sì mú fọ́tò tàbí fídíò táwọn èèyàn ti ń béèrè nǹkan nípa ẹ̀ fúnra wọn, òun ni kẹ́ ẹ polówó. Fídíò omi kẹta yẹn lèmi lò. Ẹ yan ìlú tẹ́ ẹ lè fi ọjà ránṣẹ́ sí, ẹ yan kí bọ́tìnnì ẹ̀ gbé wọn wá sí WhatsApp yín. Ẹ fi owó kékeré dán an wò fún ọjọ́ mẹ́rin tàbí márùn-ún, ẹ rántí pé wọ́n máa gba VAT 7.5% lórí ẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ ka iye àwọn tó ra, ẹ fi láìkì sílẹ̀.

Tí ọjà bá dé ọwọ́ ẹni tó rà á, ẹ dúró ọjọ́ mẹ́ta, ẹ béèrè bó ṣe rí. Tó bá ti rán an, ẹ bẹ̀ ẹ́ fún fọ́tò, ẹ sì gba àṣẹ kẹ́ ẹ tó gbé ojú ẹ̀ sórí status. Fọ́tò ẹni tó wọ̀ ọ́ lọ sóde gidi lágbára ju tiwa lọ, torí ẹlòmíì ti fọwọ́ kàn án báni.

Ó wá ku ìwé. Ẹ ra ìwé eléèpo líle kan, ẹ kọ orúkọ kọ́sítọ́mà, nọ́ḿbà ẹ̀, ohun tó rà, ọjọ́ tó rà á, àwọ̀ tó fẹ́ràn. Ilé àjọgbé ni Facebook àti WhatsApp, àwa kọ́ la ni ín. Ní June 2021 ìjọba ti Twitter pa ní Nàìjíríà, ó di January 2022 kó tó ṣí, ẹni tó jẹ́ pé ibẹ̀ nìkan ló ti ń tajà mọ bí oṣù wọ̀nyẹn ṣe rí. Ọjọ́ kẹrin oṣù October 2021 náà, Facebook, Instagram àti WhatsApp jọ lọ lẹ́ẹ̀kan náà ní ìrọ̀lẹ́, nǹkan bíi wákàtí mẹ́fà. Ẹrù èèyàn mẹ́ta ṣì wà ní gáráàjì lọ́jọ́ yẹn, wọn ò mọ awakọ̀ tó gbé e, mi ò lè fi nọ́ḿbà ẹ̀ ránṣẹ́. Mo ṣí ìwé, mo fi káàdì ₦200 pè wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹni kẹta ní òun ti rò pé mo ti gbówó òun lọ ni, a rẹ́rìn-ín, ó wá béèrè bóyá aṣọ aláwọ̀ ewé tí mo gbé sórí status lọ́jọ́ Sátidé ṣì wà, mo ní ó wà, ó sì ti sanwó ẹ̀ kí WhatsApp tó padà dé.